Ọwọ́ Aró Ni, Kì í Ṣe Ọwọ́ Ayé

Àwọn àgbà a máa wí pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni, pàápàá fún ẹni tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ó fi ń jẹun. Àgbẹ̀ ní oko, alágbẹ̀dẹ ní ìdí ẹwìrì, amọ̀kòkò ní ìdí amọ̀, ọwọ́ ni ó ń bọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Yorùbá, bóyá ni a lè rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń sọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ fún ayé gbọ́ tó aláró. Kí ó tó la ẹnu kí ènìyàn ni èékánná rẹ̀ ti jẹ́wọ́. Ní Abẹ́òkúta, ní Òṣogbo àti ní Ìbàdàn, dúdú ọwọ́ yìí kì í ṣe ìtìjú. Àmì pé olúwarẹ̀ kò ya ọ̀lẹ ni. Nígbà tí Judith Byfield, onímọ̀ ìtàn, kọ ìwé kan jáde ní 2002 nípa àwọn obìnrin aláró Abẹ́òkúta láti 1890 títí di 1940, ọwọ́ wọn tí aró ti pa láró ni ó fi sọ ìwé náà ní orúkọ.

Ọwọ́ kan náà yìí ni ó ń ké lónìí, tí etí púpọ̀ kò sì gbọ́. Bí ènìyàn bá wo ọwọ́ àwọn tí ń rẹ aṣọ ní òde òní dáadáa, kì í ṣe dúdú aró nìkan ni yóò rí. Yóò rí awọ tí ó bó, àárín ìka tí ó là, ẹ̀yìn ọwọ́ tí ó wú tí ó sì ń ṣomi, àti apá tí ó yún olúwarẹ̀ mọ́jú. Ohun tí ó yẹ kí ó dun gbogbo olùfẹ́ àṣà ni pé ẹ̀kọ́ṣẹ́ àdìrẹ ń kọ́ ọmọ bí a ti ń tọ́jú aṣọ kí ó má ṣá, ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀ kò kọ́ ọ bí a ti ń tọ́jú ọwọ́ kí ó má kú. Ẹ̀kọ́ àbọ̀ ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí a parí rẹ̀.

ARÓ ÀTIJỌ́ ÀTI ARÓ ÒDE ÒNÍ

Ní ayé àtijọ́, inú ewé èlú ni aró ti ń wá. Àwọn ìyá a ká ewé náà nígbà tí ó bá ṣì rọ̀, wọn a gún un nínú odó títí yóò fi kúnná, wọn a rọ ọ́ ní ìṣù ìṣù, wọn a sì sá a sí oòrùn. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ yóò wá kan eérú. Wọn a sun igi, wọn a kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tí a dá ihò sí ní ìdí, wọn a da omi lé e lórí, omi náà a sì máa kán tó, tó, tó sínú ìkòkò mìíràn tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni wọn yóò rẹ èlú sí, wọn yóò sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan, tí òórùn rẹ̀ yóò gba àdúgbò. Bí wọ́n bá ti aṣọ bọ inú ìkòkò náà tí wọ́n sì fà á yọ, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní, kí atẹ́gùn tó fẹ́ sí i kí ó tó di aró. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn aláró fi ń bọ Ìyá Màpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, pé kí aró má ṣe bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ayé yí padà. Ní 1883, Adolf von Baeyer, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, sọ bí èròjà inú èlú ti tò mọ́ ara wọn. Ní 1897, ilé-iṣẹ́ BASF ní ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí a ṣe láìsí ewé kankan. Kò pẹ́ púpọ̀ tí aró òyìnbó yìí fi dé ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú sódà kọ́sítíìkì tí ó gba ipò omi eérú. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan di iṣẹ́ wákàtí díẹ̀. Ẹni tí ó ń rẹ aṣọ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ogún. Lónìí, àwọn tí ń ṣe kàm̀pálà tún ń lo ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n ń pè ní háídrósọ́fáìtì, tí ó ń rùn bí imí-ọjọ́, pẹ̀lú aró oríṣiríṣi àwọ̀ tí ewé èlú kò lè fún ènìyàn láéláé.

Ọ̀rọ̀ sódà yìí ti dá awuyewuye sílẹ̀ rí. Ní 1936, àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, kò gbọ́ ara wọn yé lórí rẹ̀ títí ìjọba amúnisìn fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Kí ni wọ́n ń bá ara wọn fà? Aṣọ ni. Wọ́n ní aṣọ ń ṣá, wọ́n ní sódà ń jẹ òwú, wọ́n ní orúkọ ọjà ń bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni ó gba iwájú. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá gbà pé sódà lè jẹ òwú, ṣé kò yẹ kí ó béèrè ohun tí yóò fi awọ ara ṣe?

OHUN TÍ Ń ṢE ỌWỌ́

Ohun méjì ni ó ń ba ọwọ́ aláró jà, ó sì yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ wọn, nítorí ìtọ́jú wọn kò rí bákan náà.

Èkínní ni jíjó. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni purọ́ pé omi eérú kì í ṣe ọwọ́ ní nǹkan. Òun pàápàá a máa ta ọwọ́, a sì máa mú kí awọ gbẹ. Ṣùgbọ́n agbára sódà kọ́sítíìkì ju tirẹ̀ lọ púpọ̀púpọ̀. Bí a bá da á sínú omi tútù, omi náà a gbóná fúnra rẹ̀ láìsí iná ní ìdí. Sódà kan náà ni àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ń pò mọ́ òróró kí ó tó di ọṣẹ. Bí ó ti ń ṣe òróró inú agbada ni ó ń ṣe òróró tí Ẹlẹ́dàá fi sí ara awọ ènìyàn. Bí òróró yìí bá ti lọ, awọ yóò gbẹ, yóò là, gbogbo ohun tí ó wà nínú omi aró yóò sì rí ọ̀nà wọlé. Kò sí ẹni tí èyí kò lè ṣe. Bí ó bá pọ̀ tó, tí ó sì pẹ́ tó lára, ọmọdé ni o, àgbà ni o, ọwọ́ yóò bó.

Èkejì ni èyí tí Yorùbá ń pè ní kí nǹkan kọ ara ẹni. Ta ni kò mọ èèwọ̀ nínú wa? Ohun tí ẹnì kan ń jẹ tí ó ń sanra ni ẹlòmíràn tọ́ wò tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ara ènìyàn náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé inú èèwọ̀ ìdílé ni a bí ọmọ sí, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ara yìí, ara ni ó ń kọ́ ọ. Ẹnì kan lè ti ọwọ́ bọ aró kan fún oṣù mẹ́fà, ó sì lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá, tí kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ní ọjọ́ kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara rẹ̀ yóò pinnu pé ọ̀tá ni aró yìí. Láti ọjọ́ náà lọ, wọn kò ní gbàgbé mọ́, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ adúgbò kì í ti í gbàgbé ojú olè tí ó bá a jà rí. Ìwọ̀n díẹ̀ tí kò tó nǹkan ni yóò mú kí ọwọ́ wú, kí ó yún, kí ó sì ṣe ìléròrò. Kì í sì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ kan sí ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó yọ síta. Ìdí nìyẹn tí aláró fi ń di ẹ̀bi ru ẹja tí ó jẹ ní àná, nígbà tí ó jẹ́ pé aró tí ó rẹ ní ìjẹta ni ó ń bá a jà.

Èlú fúnra rẹ̀ kì í sábà kọ ara. Àwọn aró ìgbàlódé kan ni ó yẹ kí a fura sí. Ẹ̀yà kan wà tí ń di òwú mú ṣinṣin, tí ó kọ́kọ́ dé ọjà àgbáyé ní 1956. Ó ti hàn pé ó lè kọ ara àwọn tí ń lò ó, bí wọ́n bá sì ń fa ìyẹ̀fun rẹ̀ símú, ó lè fa ikọ́ fée. Ẹ̀yà tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ pọliẹ́sítà náà wà níbẹ̀, pàápàá àwọn búlúù méjì tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 106 àti 124, tí àwọn dókítà awọ ara mọ̀ kárí ayé. Àwọn wọ̀nyí kì í mọ sí ọwọ́ ẹni tí ó rẹ aṣọ. Wọ́n lè bá ẹni tí ó wọ aṣọ náà jà ní abíyá àti ní ìbàdí, níbi tí òógùn àti aṣọ ti ń pàdé. Bákan náà, ẹni tí aró irun tàbí làálì dúdú oníkẹ́míkà bá ti kọ̀ lára rí gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí pé ìbátan àwọn aró aṣọ kan ni èròjà inú wọn.

KÌ Í ṢE ỌWỌ́ AYÉ

Níbi tí ìmọ̀ kò bá sí, ìfura ni yóò jókòó síbẹ̀. Bí ọwọ́ aláró bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó, àwọn kan yóò ní ayé ni ó ń ṣe é nítorí pé ọjà rẹ̀ ń tà. Òmíràn yóò ní làpálàpá ni. Ẹni tí kò ní àánú yóò dà á sọ pé ẹ̀tẹ̀ ni, àwọn oníbàárà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ìyá tí ó ti fi ogún ọdún bọ́ ọmọ yóò wá máa fi ìborùn bo ọwọ́ rẹ̀ ní òde ìnáwó.

Bẹ́ẹ̀ ni àrùn yìí ní àmì tí ènìyàn lè fi dá a mọ̀. Bí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì bá dé, tí aláró sì sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọwọ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í san. Bí ó bá padà sí ìdí ìkòkò, ó tún di ọ̀tun. Ayé wo ni ó ń lọ ìsinmi nígbà tí aláró bá lọ ìsinmi? Ọwọ́ aró ni, kì í ṣe ọwọ́ ayé.

Ní 1700, Bernardino Ramazzini, dókítà ará Ítálì, kọ ìwé kan lórí àrùn àwọn oníṣẹ́. Ó gba àwọn dókítà níyànjú nínú rẹ̀ pé, lẹ́yìn gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ń bi aláìsàn, kí wọ́n fi ẹyọ kan kún un: iṣẹ́ wo ni o ń ṣe? Ìbéèrè yìí kò gba owó, kò sì gba ẹ̀rọ. Ó yẹ kí ó wà lẹ́nu dókítà, kí ó wà lẹ́nu nọ́ọ̀sì, kí ó sì wà lẹ́nu oníṣègùn ìbílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé.

Ní ilé ìwòsàn ńlá tí dókítà awọ ara bá wà, àyẹ̀wò kan wà tí Josef Jadassohn, ará Jámánì, fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1895. Wọn a lẹ èròjà oríṣiríṣi ní ìwọ̀n kékeré mọ́ ẹ̀yìn aláìsàn fún ọjọ́ méjì, wọn a ṣí i wò, wọn a sì tún padà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì sí i. Ibi tí ó bá wú tí ó sì pọ́n ni yóò sọ orúkọ ọ̀tá. Bí a bá ti mọ̀ ọ́n, aláró lè fi aró kan ṣoṣo yẹn sílẹ̀, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ohun tí púpọ̀ ń ṣe dípò èyí ni ó ń dá kún ìyà. Àwọn kan ń fi kẹrosíìnì tàbí omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun fọ aró kúrò ní ọwọ́. Iná ni wọ́n fi ń pa iná. Àwọn mìíràn ń ra ìpara alágbára ní ọjà láìbi dókítà. Ìpara bẹ́ẹ̀ lè dín yíyún kù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá lò ó pẹ́, yóò sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

ÀWÍJÀRE TÍ A SÁBÀ Ń GBỌ́

Àwọn àgbà kan ń wí pé ọwọ́ lásán ni àwọn ìyá àwọn fi rẹ aṣọ, wọ́n sì dàgbà, wọ́n darúgbó. Ọ̀rọ̀ àgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń tì sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n èlú àti omi eérú ni àwọn ìyá wọ̀nyẹn bá lò, ìkòkò mélòó kan ní ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń dá. Ẹni tí ó pa omi eérú tì tí ó mú sódà kò lè sọ pé ọ̀nà ìyá òun ni òun ń tọ̀. Ó ti yí ohun èlò padà. Ó di dandan kí ó yí ìṣọ́ra padà pẹ̀lú.

Àwọn mìíràn ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ iṣẹ́. Èyí ní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Ẹni tí ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tàbí tí ń fi ìko di àdìrẹ oníko, gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ìka rẹ̀ ń ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí sódà nínú ìko, ẹ̀kọ láfún kì í sì í ṣe omi aró. Ìgbà tí aṣọ bá fẹ́ wọ inú aró ni ìbọ̀wọ́ di ọ̀ranyàn, níbẹ̀ sì ni, agbára apá ni ó ń ṣiṣẹ́ ju ìmọ̀lára ìka lọ.

Àwọn ẹ̀kẹta ní owó ni kò sí. Ìwọ̀nyí ni ó yẹ kí a dá lóhùn pẹ̀lú ìkẹ́, nítorí èrè àdìrẹ kò pọ̀ bí àwọn tí ń wọ̀ ọ́ ti rò. Síbẹ̀, ẹni tí ó rí owó ra sódà ti gbà pé ohun èlò iṣẹ́ ni sódà. Kí ó ka ìbọ̀wọ́ mọ́ ohun èlò kan náà, kí ó fi owó rẹ̀ lé iye aṣọ. Oníbàárà tí ó san owó òwú tí ó san owó aró kò ní kú bí ó bá san owó ọwọ́.

OHUN TÍ Ó YẸ NÍ ṢÍṢE

Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá aláró àti àwọn ọ̀gá ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá kọ́kọ́ dé ni kí wọ́n ti kọ́ ọ pé ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn tí ó sì gùn dé ìgúnpá ni a fi ń súnmọ́ aró. Èyí tí nọ́ọ̀sì ń lò a máa tètè ya, ìbọ̀wọ́ tí ó sì ti jò burú ju ọwọ́ lásán lọ, nítorí yóò sé omi aró mọ́ ara. Kí wọ́n kọ́ ọ pé sódà ni a ń dà sínú omi díẹ̀díẹ̀, a kì í da omi sórí sódà. Kí ìyẹ̀fun aró má ṣe di ohun tí a ń gbọ̀n nínú iyàrá tí afẹ́fẹ́ kò sí. Kí a bo imú. Kí a má jẹ́ kí omi ta sí àpò háídrósọ́fáìtì, nítorí ó lè gbaná. Bí sódà bá ta sí ara, omi tútù tí ń ṣàn ni kí a fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, kì í ṣe oje ọsàn wẹ́wẹ́; bí ó bá ta sí ojú, kí a máa fọ̀ ọ́ bí a ti ń gbé olúwarẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ọṣẹ tí kò le àti omi, lẹ́yìn náà òrí tàbí àdí. Òrí kò lè dá aró dúró, ṣùgbọ́n yóò dá òróró padà fún awọ. Kí ọmọ tí kò bá mọ nǹkan wọ̀nyí má tíì gba òmìnira, bí ó ti wù kí iṣẹ́ rẹ̀ dára tó.

Àwọn ẹgbẹ́ aláró lè para pọ̀ ra ìbọ̀wọ́ ní ọ̀pọ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń para pọ̀ ra aṣọ ẹbí. Àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àdìrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ di ìko kí ó sì ya àwòrán, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ó mọ iṣẹ́ ni kí ó máa fọwọ́ kan sódà.

Ní ti ìjọba, ọ̀ràn náà ju ọ̀rọ̀ ìyìn lọ. Ní 2010, Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ tún ìwé àkójọ àwọn àrùn iṣẹ́ ṣe, àrùn awọ tí ó ń wá láti ara ohun tí ó kọ ara sì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Nàìjíríà ṣe òfin tuntun lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bá pa lára, èyí tí agbanisíṣẹ́ ń tìtorí rẹ̀ san ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n ta ni agbanisíṣẹ́ ìyá tí ń rẹ aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀? Òun ni ọ̀gá, òun ni ọmọ iṣẹ́. Ìjọba tí ó ń fi àdìrẹ ṣe àfihàn fún àlejò yẹ kí ó rán nọ́ọ̀sì lọ sí agbo àwọn aláró, kí ó sì pàṣẹ pé ẹni tí ó bá ń ta sódà àti aró gbọ́dọ̀ kọ ìkìlọ̀ sí ara wọn ní èdè Yorùbá tí ìyá lè kà, tàbí tí ọmọ rẹ̀ lè kà fún un.

Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Inú ìkòkò aró sì ni owó ilé-ìwé ọ̀pọ̀ ọmọ ti jáde, títí kan ti àwọn tí wọ́n ti di dókítà àti agbẹjọ́rò lónìí. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ra ìbọ̀wọ́ lọ fún ìyá wọn. Àṣà tí a bá fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ wa gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ tí yóò gbé e dé ibẹ̀.